Ọmọ mi ju touchdown 31 lọ́dún yìí: ṣé kó jáde lọ sí NFL báyìí?

Ìyá kan tó ń gbé ní Houston kọ̀wé sí mi pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ni quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní fásitì rẹ̀. Ó wà ní ọdún kẹta, ọdún kejì sì nìyí tí òun ló ń bẹ̀rẹ̀ eré fún wọn. Touchdown 31, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó di àmì ayò, ló jù lọ́dún yìí. Àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù ti ń pè é, wọ́n ní kó jáde fún draft, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun, ti ń yan àwọn ọmọ fásitì. Bàbá rẹ̀ ní kó gba ìwé ẹ̀rí ná. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ pé kò ga tó, àti pé nítorí pé ó máa ń sáré, wọ́n á yí ipò rẹ̀ padà, wọ́n á ní kó máa gba bọ́ọ̀lù dípò kó máa jù ú. Èmi ò gbọ́ bọ́ọ̀lù yìí yékéyéké. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó máa ṣe é, kí sì ni kí n sọ fún un?"

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ìbéèrè méjì ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ṣé ọmọ yín mọ iṣẹ́ náà débi tó lè fi jẹun. Èkejì ni pé ṣé àsìkò yìí ló yẹ kó lọ. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ lè jáde lásìkò tí kò yẹ kó sì jìyà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní dà wọ́n pọ̀. Kíkọ́ àwọn quarterback fásitì niṣẹ́ mi, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ òbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò tíì rí fíìmù ọmọ yín, nítorí náà ẹ má retí pé kí n sọ fún yín pé wọ́n á yàn án tàbí wọn ò ní yàn án. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n fi ojú tí àwọn tó ń yàn fi ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ hàn yín. Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ẹnu ọ̀nà náà ṣe fún tó: ẹgbẹ́ 32 péré ló wà ní NFL, quarterback kan ṣoṣo ló sì ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú draft 2024 àti ti 2025, agbábọ́ọ̀lù 257 ni wọ́n yàn lọ́dọọdún, àwọn quarterback tó wà láàárín wọn ò sì tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí touchdown 31 yẹn. Ohun ayọ̀ ni, ẹ bá a yọ̀. Àmọ́ kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń yan ènìyàn. Ní ìlú tí ẹ wà gan-an, Case Keenum ju touchdown 155 fún University of Houston, bọ́ọ̀lù tó jù sì gba yáàdì 19,217. Nígbà tó ń jáde lọ́dún 2012, kò sí quarterback fásitì ńlá kankan tó tíì jù bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀ wọ́n parí draft ọdún náà láìpe orúkọ rẹ̀. Ó ní láti gba ẹ̀yìn wọlé sọ́dọ̀ Houston Texans, ó fara da a, nígbà tó sì di sáà 2017 òun ló gbé Minnesota dé ìdíje tó ṣáájú Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá NFL. Ní ìdà kejì, Johnny Manziel gba Heisman, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù fásitì tó dára jù, ní Texas A&M lọ́dún 2012, gbogbo ìpínlẹ̀ Texas ló mọ orúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ Cleveland sì mú un sípò 22 lọ́dún 2014. Sáà méjì péré ló lò ní NFL.

Ìdí tí iye touchdown kò fi tó ni pé bọ́ọ̀lù fásitì àti ti NFL jọra lójú lásán ni. Lórí pápá fásitì, àwọn ìlà kéékèèké méjì tí wọ́n fi ń mọ ibi tí eré á ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà síra wọn ní ẹsẹ̀ bàtà 40. Ní NFL, ẹsẹ̀ bàtà 18 àti ààbọ̀ ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní fásitì, apá kan pápá máa ń fẹ̀ gan-an, àwọn tó ń dènà á sì ní ilẹ̀ púpọ̀ láti bò. Ihò tí bọ́ọ̀lù lè gbà kọjá ń tóbi. Bákan náà, òfin fásitì gba àwọn géńdé márùn-ún tó ń dáàbò bo quarterback láàyè láti wọ iwájú tó yáàdì 3 nígbà tó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. NFL ò gbà ju yáàdì kan lọ. Eré tí quarterback ti ń díbọ́n pé òun á fi bọ́ọ̀lù fún ẹni tó ń sá, tó sì wá jù ú lójijì, ń rọrùn ní fásitì nítorí òfin yìí, nítorí olùdènà á rí àwọn géńdé yẹn tí wọ́n ń bọ̀, á sì rò pé sísá ni wọ́n fẹ́ sá. Ẹ wá fi kún un pé ní ọ̀pọ̀ fásitì, ọmọ náà á kàn wo ẹ̀gbẹ́ pápá, akọ́nimọ̀ọ́gbá á sọ ohun tó máa ṣe fún un, á sì ṣe é. Ní NFL, òun fúnra rẹ̀ ló máa pe eré gígùn fún àwọn yòókù, á yẹ bí àwọn tó ń dènà ṣe tò wò, á sì yí i padà tó bá yẹ. Rédíò tó wà nínú akoto rẹ̀ á ti dákẹ́ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 15 lórí aago. Látìgbà náà lọ, òun nìkan ló kù.

Kí wá ni wọ́n ń wò? Tí mo bá jókòó ti fíìmù quarterback kan, mi kì í pẹ́ níbi tí gbogbo nǹkan ti lọ geerege. Tí ààbò bá dúró, tí ẹni àkọ́kọ́ tó ń wò sì dá wà gedegbe, àwọn ọmọ tó lè ju bọ́ọ̀lù yẹn pọ̀ lọ jàra ní Amẹ́ríkà. Ohun tí mo ń wá ni ìgbà tí wọ́n ti bo ẹni àkọ́kọ́ yẹn pa. Kí ni ojú ọmọ náà ṣe? Ṣé ó kúrò lára rẹ̀ lọ sára ẹnì kejì, lọ sára ẹnì kẹta, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń bá ojú rẹ̀ yí? Àbí ó tẹjú mọ́ ẹnì kan títí olùdènà fi ka èrò rẹ̀, tó sì já bọ́ọ̀lù gbà? Àbí ńṣe ló ká bọ́ọ̀lù mọ́ra kíá tó sì fẹsẹ̀ fẹ? Kò sí aburú nínú kí quarterback sá. Ohun tí mo ń bi fíìmù ni bóyá ó rí gbogbo ohun tó yẹ kó rí kó tó sá, tàbí ó sá nítorí pé kò rí nǹkan kan.

Ìgbà tí wọ́n bá ya lù ú ṣe pàtàkì jù lọ lójú tèmi. Ní NFL, quarterback kì í sábà ní ju ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ sí mẹ́ta lọ kí ọkùnrin tó wúwo jù ú lọ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ọmọ náà nígbà tí ẹnì kan ń bọ̀ lójú rẹ̀ kòrókòró: ṣé ojú rẹ̀ ṣì wà lókè, níbi tí àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù wà, àbí ó ti ń wo ẹni tó fẹ́ lù ú? Ṣé ó lè sún ìgbésẹ̀ kan péré kó ṣì jù ú, àbí ó ní láti sá yí gbogbo pápá ká? Ohun kan wà tí àwọn òbí kì í fẹ́ gbọ́. Ọmọ tí wọ́n ń mú balẹ̀ lemọ́lemọ́ ní fásitì sábà máa ń gbé àṣà náà lọ sí NFL. Ẹ̀bi àwọn tó ń dáàbò bò ó ni ilé máa ń dá, òótọ́ sì ni nígbà míì. Àmọ́ ọwọ́ quarterback fúnra rẹ̀ ni apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ wà: bó ṣe ń pẹ́ kó tó jù, bóyá ó ti mọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ibi tí wọ́n á gbà yọ, àti bóyá ó ní ìrẹ̀lẹ̀ láti sọ bọ́ọ̀lù síta kí eré míì lè wà. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìgbìyànjú kẹta. Ìgbìyànjú mẹ́rin ni ẹgbẹ́ ní láti fi rin yáàdì 10, tó bá sì di ẹ̀kẹta tí ilẹ̀ ṣì pọ̀ níwájú, gbogbo pápá ìṣeré ló mọ̀ pé yóò ju bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹ̀tàn mọ́. Fíìmù ìgbìyànjú kẹta nìkan, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó lágbára, á sọ ohun púpọ̀ fún mi nípa ọmọ kan ju gbogbo touchdown rẹ̀ lọ. Mo tún máa ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù bà sí. Bọ́ọ̀lù tí olùgbà ní láti dúró kó tó mú un, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wọlé, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó bá a lójú ìrìn tó sì ń bá eré ìje rẹ̀ lọ. Nínú ìwé ìṣirò, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹni tó fẹ́ sanwó, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá.

Ọ̀rọ̀ gíga àti agbára apá kò ní gba àkókò wa. Drew Brees kò ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, Russell Wilson kò tó o, àwọn méjèèjì sì gba Super Bowl. Kyler Murray àti Bryce Young ga ní ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 10 péré, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ pè nínú draft 2019 àti ti 2023. Gíga ṣì wúlò, nítorí ẹni tó kúrú ní láti máa wá àlàfo tí á gbà ríran, àmọ́ kò lé ènìyàn kúrò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní ti apá, JaMarcus Russell ni wọ́n kọ́kọ́ pè lọ́dún 2007, apá rẹ̀ le débi pé ẹnu ń ya ènìyàn, ó sì ti kúrò ní NFL lẹ́yìn sáà mẹ́ta. Tom Brady, tí wọn ò pè títí ó fi di ipò 199 lọ́dún 2000, gba Super Bowl méje.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé wọ́n á yí ipò ọmọ yín padà, mi ò ní fojú kékeré wò ó, nítorí ìtàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dùn mí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbà pé aláwọ̀ dúdú lè sáré, pé ó lè gba bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n pé kò lè ronú fún ẹgbẹ́. Warren Moon jẹ́ quarterback tó pegedé ní University of Washington, síbẹ̀ kò sí ẹgbẹ́ kankan tó pe orúkọ rẹ̀ nínú draft 1978. Kánádà ló gbà lọ, ó gba ife Grey Cup márùn-ún tẹ̀ léra pẹ̀lú Edmonton, kó tó padà wá sí Houston yín níbẹ̀, sọ́dọ̀ Oilers, lọ́dún 1984. Lónìí ó wà nínú Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù yìí. Doug Williams ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Super Bowl nípò quarterback, ní January 1988. Nígbà tí Lamar Jackson ń bọ̀ lọ́dún 2018, àwọn kan ṣì ń sọ ní gbangba pé kó lọ máa gba bọ́ọ̀lù. Ó kọ̀ jálẹ̀. Baltimore mú un sípò 32, ó sì ti jẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní NFL lẹ́ẹ̀mejì, fún sáà 2019 àti 2023. Ní Super Bowl February 2023, Patrick Mahomes àti Jalen Hurts ló bẹ̀rẹ̀ eré fún ìhà méjèèjì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí aláwọ̀ dúdú méjì máa dojú kọ ara wọn níbẹ̀. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ọmọ yín kì í ṣe àléébù mọ́. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ń wá irú rẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá ti wà ní NFL dáadáa, bíi Olumuyiwa Fashanu tí Jets mú sípò 11 lọ́dún 2024, àti Olusegun Oluwatimi tó máa ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sẹ́yìn sí quarterback. Iṣẹ́ ààbò làwọn méjèèjì ń ṣe. Ibi tí ọmọ yín dúró sí yìí, a ò tíì pọ̀ níbẹ̀, inú mi sì dùn pé ó wà níbẹ̀.

Ohun tó kàn mí lọ́kàn jù nínú lẹ́tà yín ni pé ọdún méjì péré ló ti ń bẹ̀rẹ̀ eré. Ìrírí ni ohun tí owó ò lè rà fún quarterback. Mitch Trubisky bẹ̀rẹ̀ eré 13 péré ní North Carolina kí Chicago tó mú un sípò kejì lọ́dún 2017. Anthony Richardson náà bẹ̀rẹ̀ 13 ní Florida, Indianapolis sì mú un sípò kẹrin lọ́dún 2023. Àwọn méjèèjì lẹ́bùn. Trubisky lo ọdún mẹ́rin ní Chicago, wọ́n jẹ́ kó lọ. Richardson pàdánù ipò rẹ̀ láàárín sáà kejì. Ní ìdà kejì, Bo Nix ti bẹ̀rẹ̀ eré 61 kó tó dé Denver lọ́dún 2024, ó sì gbé wọn dé playoffs, ìyẹn ìdíje ìyọkúrò tó máa ń tẹ̀ lé sáà, ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Brock Purdy lo ọdún mẹ́rin ní Iowa State, òun ni wọ́n pè kẹ́yìn pátápátá lọ́dún 2022, ipò 262, ó sì gbé San Francisco dé Super Bowl. Kì í ṣe òfin o. Cam Newton lo sáà kan ṣoṣo ní Auburn, wọ́n sì kọ́kọ́ pè é lọ́dún 2011, ó sì ṣe dáadáa. Àmọ́ ara Newton kò wọ́pọ̀. Ọmọ tí kò ní ara Newton nílò kí ojú rẹ̀ ti rí gbogbo ọgbọ́n àwọn tó ń dènà, ojú kì í sì í rí wọn tán ní ọdún méjì.

Apá míì wà tí kò sí lọ́wọ́ ọmọ rárá: ilé tó máa bọ́ sí. Lọ́dún 2018, quarterback márùn-ún ni wọ́n pè ní ìpele àkọ́kọ́ draft, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn tí wọ́n gbójú lé jù. Josh Rosen lọ sí Arizona sípò 10. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n mú Kyler Murray, wọ́n sì ta Rosen. Sam Darnold, ẹni kẹta, jìyà lọ́wọ́ Jets, ó yí ẹgbẹ́ ká, kó tó di pé ó dé Minnesota, tí wọ́n sì borí nínú ìdíje 14 ní sáà 2024. Baker Mayfield, ẹni àkọ́kọ́, ṣe bẹ́ẹ̀ rìn títí ó fi dé Tampa Bay. Josh Allen ló ń yà mí lẹ́nu jù. Ní Wyoming, ìdá 56 nínú 100 péré ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ tó ń wọlé, tó bá sì jẹ́ èmi ni, ẹ̀rù ì bá bà mí láti mú un. Buffalo mú un sípò keje. Wọ́n ní sùúrù, wọ́n tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tò, wọ́n fi Stefon Diggs kún àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù fún un, nígbà tó sì di sáà kẹta rẹ̀, ìdá 69 ló ń wọlé. Mahomes pẹ̀lú, wọn ò sáré gbé e jáde. Kansas City jẹ́ kó jókòó sẹ́yìn Alex Smith fún sáà 2017, eré kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀, lọ́dún tó tẹ̀ lé e ló ju touchdown 50. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun mọ ohun tí ọmọ kan máa dà láìmọ ibi tó ń lọ, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àsìkò. Àwọn aṣojú tó ń pè é yẹn ń wá oníbàárà, iṣẹ́ wọn ni, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wọn kò lè jẹ́ ìkan ṣoṣo tí ẹ máa gbọ́. NFL ní ìgbìmọ̀ kan tó ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ló máa bá a béèrè. Wọ́n á wo fíìmù rẹ̀, èsì wọn á sì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta: ó lè bọ́ sí ìpele àkọ́kọ́, ó lè bọ́ sí ìpele kejì, tàbí kó padà sílé ìwé. Tí wọ́n bá sọ ìpele àkọ́kọ́, mo máa ní kó lọ, nítorí ẹgbẹ́ tó bá fi owó ńlá mú ọmọ máa ń fún un láyè láti ṣàṣìṣe. Àdéhùn ọdún mẹ́rin tí Caleb Williams gbà gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́ lọ́dún 2024 tó mílíọ̀nù 39 dọ́là ó lé. Ti Purdy, ẹni ìkẹyìn, kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin fún iye ọdún kan náà, tó bá sì jẹ́ pé ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré ni, kò sẹ́ni tí ì bá dúró dè é. Tí wọ́n bá sọ ìpele kejì, ọ̀rọ̀ di ti ìdílé. Tí wọ́n bá ní kó padà, kó padà.

Nígbà kan, ìpadà yìí túmọ̀ sí ọdún míì láìsí owó, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ tálákà fi ń sáré jáde. Ó ti yí padà. Láti July 2021 ni àwọn agbábọ́ọ̀lù fásitì ti lè gba owó lórí orúkọ wọn, láti July 2025 sì ni fásitì fúnra rẹ̀ ti lè san owó fún wọn tààrà. Quarterback tó ju touchdown 31 kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa mọ́. Bàbá rẹ̀ náà sì rí ohun tó ń sọ: ìwé ẹ̀rí tó ku ọdún kan kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpadà ní ewu tirẹ̀, mi ò ní fi pamọ́. Matt Barkley lè lọ láti USC lẹ́yìn sáà 2011, ọ̀pọ̀ gbà pé ìpele àkọ́kọ́ ni. Ó dúró, èjìká rẹ̀ bà jẹ́, ó sì dìgbà tó di ìpele kẹrin kí wọ́n tó pè é. Joe Burrow náà dúró ní LSU lẹ́yìn ọdún tó ju touchdown 16, ó ju 60 lọ́dún 2019, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ pè. Ẹ ra ìbánigbófò (insurance) fún ara rẹ̀ tó bá dúró. Ó wà, àwọn ìdílé ń rà á. Ẹ tún wo àwọn tí wọ́n jọ ń jáde. Lọ́dún 2022, quarterback kan ṣoṣo ni wọ́n mú ní ìpele àkọ́kọ́. Lọ́dún 2024, wọ́n mú mẹ́fà láàárín ipò 12. Tí àwọn fásitì míì bá ń fi owó fà á pé kó wá sọ́dọ̀ àwọn, kó béèrè ẹni tó máa kọ́ ọ kó tó béèrè iye. Ìrìnàjò Jalen Hurts láti Alabama sí Oklahoma ràn án lọ́wọ́, ti Jayden Daniels láti Arizona State sí LSU náà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo ti rí ọmọ tó yí ilé ìwé padà lọ́dọọdún, tó ń kọ́ èdè eré tuntun nígbà gbogbo, tí kò sì gbọ́ ìkankan dé ìparí.

Pẹ̀lú ohun tí ẹ sọ fún mi, ìyẹn ọdún méjì tó fi bẹ̀rẹ̀ eré, ọkàn mi fà sí kó dúró, àyàfi tí ìgbìmọ̀ yẹn bá sọ ìpele àkọ́kọ́. Mo lè ṣì í. Àwọn ẹgbẹ́ tó ní owó, tó ní dókítà, tó ní ènìyàn ní gbogbo ìpínlẹ̀ ń ṣì í lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tó lè wọn bí ọmọ ọdún 21 ṣe máa dìde lẹ́yìn tí 70,000 ènìyàn bá hó lé e lórí. Ẹ jẹ́ kó béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ náà ní kíá, nítorí àárín oṣù January ni àkókò àtijáde máa ń parí. Kó má fọwọ́ sí ìwé aṣojú kankan fún draft kí èsì tó dé, nítorí tó bá ti fọwọ́ sí i, ó lè má lè padà sí fásitì mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí n wò ó, ẹ má fi àkójọ àwọn ibi tó ti tàn ránṣẹ́. Ẹ fi odindi ìdíje mẹ́ta ránṣẹ́, àwọn mẹ́ta tó le jù lọ́dún yìí, kí méjì nínú wọn jẹ́ èyí tí wọ́n pàdánù. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìgbìyànjú kẹta kọ̀ọ̀kan ohun tó rí kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó rí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó bá kọ ni màá kọ́kọ́ kà kí n tó tan fíìmù.